Ra ọjọ́, má ra lẹ́ńsì: ìdáhùn fún àbúrò tó fẹ́ lọ ya shoebill

Àbúrò mi, mo ti ka ìbéèrè ẹ, o ṣeun tó o kọ gbogbo ẹ̀ síbẹ̀ láì fi nǹkan kan pamọ́. Fún àwọn tó ń bá wa kà á, ohun tó kọ rèé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ń tọ́jú owó kí n lè lọ sí Uganda lọ wo shoebill, ẹyẹ àbàtà tí àgógó ẹ̀ rí bíi bàtà, kí n sì ya fọ́tò ẹ̀ tó dáa. Kámẹ́rà APS-C ni mo ní, lẹ́ńsì 70-300 ló wà lórí ẹ̀. Owó tó wà nílẹ̀ tó kí n fi ra lẹ́ńsì tó dé 600, àmọ́ ọjọ́ kan péré ni máa lè lò lórí omi nígbà yẹn. Tí mi ò bá rà á, mo lè lo bí ọjọ́ mẹ́rin. Èwo ni kí n ṣe? Báwo lèèyàn sì ṣe ń sún mọ́ ẹyẹ yẹn tí kò fi ní fò lọ? Lẹ́yìn ìyẹn, ẹyẹ wo ló tún kù tí mo lè máa múra sílẹ̀ fún?" Fún ẹni tí ò mọ̀ nípa kámẹ́rà: mìlímítà ni nọ́ńbà lẹ́ńsì wọ̀nyẹn, bó bá ṣe pọ̀ tó ni lẹ́ńsì ṣe ń fa ohun tó jìnnà sún mọ́ni tó. APS-C sì ni irú kámẹ́rà tí sensor ẹ̀, ìyẹn ibi tí àwòrán ń bọ́ sí nínú ẹ̀, kéré díẹ̀.

Gbé lẹ́ńsì tó o ní lọ, kó o fi owó yòókù ra ọjọ́. Ohun tí màá sọ nìyẹn tí wọ́n bá tiẹ̀ jí mi lóru bi mí. Àmọ́ mi ò fẹ́ kó o kàn gbà á torí pé èmi ni mo sọ ọ́, jẹ́ ká jọ ṣírò ẹ̀.

Shoebill kì í ṣe ẹyẹ kékeré rárá. Tó bá nàró ó ga ju mítà kan lọ, àwọn kan máa ń tó mítà 1.4, tó bá na apá ẹ̀ méjèèjì ó lé ní mítà 2, àgógó ẹ̀ nìkan gùn tó bíi sẹ̀ǹtímítà 20. Wàyí o, ká ní èyí tó o rí ga tó mítà 1.2, tí ọkọ̀ ẹ sì wà ní mítà 25 sí i, tó o wá fi 300 yà á. Àwòrán ẹ̀ tó máa bọ́ sórí sensor inú kámẹ́rà ẹ máa ga tó mìlímítà 14, bẹ́ẹ̀ sensor APS-C ò ga ju bíi mìlímítà 15 sí 16 lọ tó o bá di kámẹ́rà mú ní ìbú. Ṣó o rí i? Ẹyẹ náà ti kún fọ́tò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tó o bá fi 600 sí i níbẹ̀, bí ìlàjì ara ẹ̀ lo máa rí, àyà àti orí, kò ní sí koríko, kò ní sí omi, kò sí ẹni tó máa mọ ibi tó wà. Mítà 25 yẹn kì í sì ṣe àlá o, àwọn atukọ̀ tó mọṣẹ́ máa ń gbé èèyàn dé irú ibẹ̀ láì jẹ́ kí ẹyẹ náà bínú, tó bá jẹ́ pé ara ẹ̀ balẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ó yàtọ̀ tó bá jẹ́ ẹyẹ kéékèèké lo ń bá lọ. Spoon-billed sandpiper wà, ẹyẹ etí òkun tí àgógó ẹ̀ fẹ̀ lẹ́nu bíi ṣíbí, ó wà lára àwọn ẹyẹ tó ṣọ̀wọ́n jù láyé báyìí, gbogbo ara ẹ̀ ò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 15 lọ. Fi 600 ya ìyẹn ní mítà 25, kò ní ju mìlímítà 3.6 lórí sensor. Ẹni tó ń lọ wá ìyẹn, màá ní kó lọ wá lẹ́ńsì tó gùn, kó sì tún mú kámẹ́rà tí píksẹ́lì ẹ̀ pọ̀ dání. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ràn kí wọ́n máa bi mí pé "lẹ́ńsì wo ló dáa fún ẹyẹ omi", torí ẹyẹ wo ni mo máa kọ́kọ́ bi ẹ.

Nǹkan míì tí àwọn tó ń ta lẹ́ńsì kì í sọ ni ti ooru. Tí oòrùn bá ti gòkè, afẹ́fẹ́ tó wà lórí omi àti lórí koríko á bẹ̀rẹ̀ sí í mì, fọ́tò á wá rí bí ohun tí wọ́n yà láti inú omi, ìyẹ́ ò ní yàtọ̀ sí ìyẹ́, ojú ẹyẹ ò ní mọ́. Kò sí lẹ́ńsì kankan tó lè wo ìyẹn sàn. Bó o bá ṣe jìnnà tó, tí lẹ́ńsì ẹ sì gùn tó, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa hàn tó, torí afẹ́fẹ́ gbígbóná tó wà láàárín ìwọ àti ẹyẹ yẹn náà lo ń yà. Ohun méjì ló ń gbani lọ́wọ́ ẹ̀, kó o tètè dé orí omi ní ìdájí, àti kó o sún mọ́ ọn. Ẹni tó ní àárọ̀ kan ṣoṣo, tí kùrukùru bá bo àbàtà títí di aago mẹ́sàn-án, tó bá fi máa mọ́lẹ̀ kedere ooru ti dé, ó ti parí nìyẹn. Ẹni tó ní àárọ̀ mẹ́rin, kò sí ìbẹ̀rù, ọ̀kan á dáa nínú ẹ̀. Má sì gbàgbé pé orí ọkọ̀ onígi kékeré lo máa wà o, ọkọ̀ tó ń mì tí ẹnì kan bá kàn yíjú, súùmù tó dé 600 sì máa ń tó kílò méjì, kó o gbé ìyẹn lé ọwọ́ fún wákàtí mẹ́ta gbáko kó o sì máa retí pé ọwọ́ ẹ ò ní gbọ̀n.

Èyí tó kàn yìí ló ká mi lára jù, jọ̀ọ́ fara balẹ̀ kà á.

Shoebill máa ń dúró. Ó lè dúró sójú kan fún àkókò tó gùn gan-an láì gbé ẹsẹ̀, orí nìkan lo máa rí pé ó ń yí díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá lo wákàtí méjì lọ́dọ̀ ẹ̀, fọ́tò kan náà ni wọ́n ń mú bọ̀, ẹyẹ tó nàró láàárín koríko tó ń wo kámẹ́rà. Fọ́tò tó dáa ni o, inú ẹ máa dùn sí i, àmọ́ ó ti pọ̀ nílẹ̀ jàre. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò tíì rí ni bó ṣe ń mú ẹja, ìyẹn sì nìdí tí mo fi ní kó o ra ọjọ́.

Wò ó, omi inú àbàtà tí papyrus, koríko gíga inú omi, bò kì í fi bẹ́ẹ̀ ní atẹ́gùn nínú, torí koríko tó ti kú tó ń jẹrà nísàlẹ̀ ti gbé púpọ̀ ẹ̀ mu. Ẹja tó bá máa gbé inú irú omi bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe ń yọ imú sókè wá mí. Ẹja àrọ̀ lè ṣe é. Lungfish náà ń ṣe é, ẹja gígùn kan tó ní ẹ̀dọ̀fóró bíi tèèyàn, òun gan-an ni shoebill fẹ́ràn jù ní Uganda. Ẹyẹ yìí mọ̀ pé tó pẹ́ tó yá ẹja náà gbọ́dọ̀ wá mí, ló bá dúró ságbègbè ibi tí omi ti là díẹ̀ láàárín koríko, ó ń dúró dè é. Tí ẹja bá wá yọ, kì í ṣe ọrùn nìkan ló máa nà jáde bíi ti lékeléke, gbogbo ara ẹ̀ ló máa jù sílẹ̀, àgógó á ṣáájú, apá á là, orí á wọ inú omi gbàà, á sì gbé ẹja tòun ti koríko tòun ti ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà ló máa wá dìde, á máa mi orí sọ́tùn-ún sósì kí koríko lè jábọ́ kúrò lẹ́nu ẹ̀, etí àgógó ẹ̀ mú gan-an, ó lè fi gé orí ẹja náà sọnù kó tó gbé e mì. Gbogbo ìyẹn lè má tó ìṣẹ́jú kan tó bá jẹ́ ẹja kékeré.

Tó o bá ti bá a jókòó pẹ́, o máa bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìgbà tó fẹ́ ṣẹlẹ̀. Orí á lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á da àgógó kọ ilẹ̀ tààrà débi pé ó máa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà, torí bó ṣe ń ṣe nìyẹn kí ojú ẹ̀ méjèèjì lè jọ ríran síwájú lójú kan náà, àgógó ńlá yẹn ò ní dí i lójú mọ́. Lẹ́yìn náà ara á tẹ̀ síwájú, apá á tú sílẹ̀ díẹ̀ lára. Tó o bá rí i báyìí, gbé ìka lé bọ́tìnnì, má sọ̀rọ̀, má yí padà wo ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ, kó o sì ti súùmù ẹ padà sí bíi 200 torí tó bá la apá ó máa fẹ̀ jáde kúrò nínú fọ́tò. Tí kò bá rí ẹja náà mú, ó sábà máa ń rìn kúrò níbẹ̀ tàbí kó fò lọ síbòmíì, àmọ́ kì í fò jìnnà, bíi mítà ọgọ́rùn-ún kan sí ọgọ́rùn-ún márùn-ún, atukọ̀ ẹ sì máa mọ ibi tó bọ́ sí. Má lé e. Jókòó kó o jẹ́ kó fara balẹ̀ ná.

Ọ̀rọ̀ atukọ̀ yìí náà ò kéré o. Nígbà kan rí àwọn apẹja tó wà lágbègbè Mabamba, àbàtà kan ní Uganda tí wọ́n ti ń wo shoebill, gbà pé tí shoebill bá yọ síni, kò sí ẹja lọ́jọ́ yẹn mọ́, wọ́n máa ń lé e, wọ́n sì máa ń pa á. Ẹja kan náà sì ni wọ́n jọ ń wá, ìyẹn ò jẹ́ kọ́rọ̀ náà rọrùn. Àmọ́ nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti ibi gbogbo wá wo ẹyẹ náà, àwọn ọmọ apẹja wọ̀nyẹn gan-an ló wá di gáìdì, àwọn ló ń ṣọ́ ọ báyìí, wọ́n mọ ibi tó sùn, wọ́n mọ ibi tó fẹ́ràn ní àárọ̀. Nítorí náà owó tó o bá san fún wọn, iṣẹ́ ló ń ṣe nínú àbàtà yẹn ju bó o ṣe rò lọ. Ṣùgbọ́n wàhálà kan wà níbẹ̀: atukọ̀ fẹ́ kí inú ẹ dùn, ó mọ̀ pé ara owó ọ̀yàyà tó o máa fún un nígbà tẹ́ ẹ bá gúnlẹ̀ wà lọ́wọ́ bí fọ́tò ẹ bá ṣe rí. Tó o bá ń sọ pé "ẹ sún mọ́ ọn sí i, ẹ sún mọ́ ọn sí i", ó máa sún mọ́ ọn títí ẹyẹ á fi fò lọ, kò ní bá ẹ jiyàn. Ohun tí mo máa ń ṣe, mo sì bẹ̀ ẹ́ kíwọ náà máa ṣe é, ni pé ká tó kúrò ní èbúté ni màá ti sọ fún un pé iye tí màá fún un ti wà nílẹ̀, yálà a rí i tàbí a ò rí i, àti pé ibi tóun bá ti rí i pé ẹyẹ náà ń fura, ibẹ̀ ni ká dúró, kó má wojú mi. Wàá rí i pé ara ẹ̀ á balẹ̀, ọkọ̀ á sì rọra máa lọ.

Bẹ́ ẹ ṣe máa sún mọ́ ọn rèé. Ẹ má kọjú ọkọ̀ sí i tààrà, ẹ gbà á ní ẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ máa lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni pé ibòmíì lẹ̀ ń lọ. Tí ọkọ̀ bá ní ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n ti pa á láti ọ̀nà jíjìn, kí wọ́n fi àjẹ̀ tàbí ọ̀pá tì í dé ibi tó kù. Ẹ jẹ́ kó rí yín. Ẹyẹ ò fẹ́ràn ohun tó ń fara pamọ́ tó wá yọ sí i lójijì, ohun tó bá ti ń wò láti ọ̀ọ́kán ló máa ń fojú fò. Ẹ má bọ́ sáàárín òun àti ibi tó lè gbà jáde, papàá tí ọkọ̀ míì bá ti wà lápá kejì, torí nígbà míì ọkọ̀ bíi mẹ́rin márùn-ún máa ń kóra jọ sọ́dọ̀ ẹyẹ kan ṣoṣo, tó o bá débẹ̀ tó o rí i báyẹn, ní kí atukọ̀ ẹ dúró lókèèrè títí tí àwọn kan á fi lọ. O ní ọjọ́ mẹ́rin, kí lò ń lé? Jókòó sílẹ̀ nínú ọkọ̀, má dìde rárá, ìyẹn dáa fún ẹ̀mí ẹ, ó sì dáa fún fọ́tò náà, torí bí kámẹ́rà bá ṣe sún mọ́ ojú omi tó bẹ́ẹ̀ ni ẹyẹ náà ṣe máa dá yàtọ̀ sí koríko tó wà lẹ́yìn ẹ̀ tó. Ohun tó máa fi hàn ẹ́ pé ẹ ti pọ̀ jù fún un ni pé á dáwọ́ ìṣọ́ ẹja dúró, á na ọrùn sókè, á máa wò yín láì gbójú kúrò, tàbí kó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ kó máa yẹ apá sára. Tó o bá rí ìkan nínú ìwọ̀nyẹn, ẹ padà sẹ́yìn. Ẹ má wulẹ̀ dúró síbẹ̀ lásán, ẹ padà sẹ́yìn ni.

Nípa ìgbà àti ibi tó yẹ kó o lọ: Mabamba wà létí Lake Victoria, kò jìnnà sí Entebbe tí bàálù máa já ẹ sí, ó ti wà lára àwọn àbàtà tí àdéhùn Ramsar, àdéhùn àgbáyé tó ń dáàbò bo àwọn àbàtà, mọ̀ láti 2006, èèyàn sì lè rí shoebill níbẹ̀ jálẹ̀ ọdún. Tó bá jẹ́ èmi, màá lo àárọ̀ méjì níbẹ̀, lẹ́yìn náà màá gbọ̀nà Murchison Falls lọ, ibi tí odò Nile ti ń ya wọ Lake Albert, koríko ibẹ̀ yàtọ̀, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ yàtọ̀, àyè sì wà ju ti Mabamba lọ, àmọ́ erinmi àti ọ̀nì wà níbẹ̀ o, nítorí náà ohun tí gáìdì bá sọ ni kó o ṣe. Oṣù December sí February àti June sí August ni òjò máa ń dínkù ní gúúsù Uganda, ọ̀nà á rọrùn. Kó o sì ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, wọ́n máa béèrè káàdì ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ kó o tó wọlé. Àwọn kan máa ń bi mí nípa Bangweulu ní Zambia. Ibẹ̀ dáa gan-an, àmọ́ àkókò tí omi bá ń fà lẹ́yìn òjò, bíi May sí July, ni wọ́n sábà máa ń lọ, ó sì jìnnà, ìrìnàjò kejì lèyí máa jẹ́ fún ẹ. Ibi tí shoebill pọ̀ sí jù láyé ni àbàtà Sudd ní South Sudan, ìyẹn kì í ṣe ibi tí màá ní kí ẹnikẹ́ni lọ fún fàájì báyìí.

Ti kámẹ́rà, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹyẹ tó dúró, shutter (bí kámẹ́rà ṣe ń yára ṣí tó sì ń pa dé) 1/500 ìṣẹ́jú àáyá ti tó torí ọkọ̀ tó ń mì. Tí orí ẹ̀ bá ti ń lọ sílẹ̀, 1/2000, kó o ti fi ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sára tó, sílẹ̀ kó máa yan ara ẹ̀, fọ́tò tó ní ẹrún díẹ̀ sàn ju èyí tó fọ́jú lọ. Lo shutter tí kì í dún tí kámẹ́rà ẹ bá ní in. Ara shoebill jẹ́ eérú, kámẹ́rà máa ń yà á dáadáa, àmọ́ tí lékeléke bá wọ inú fọ́tò, dín ìmọ́lẹ̀ kù díẹ̀ torí funfun ẹ̀ máa jóná, ìyẹn ò sì ṣeé tún ṣe. Má gbé tripod, ìyẹn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé, wọ ọkọ̀. Àpò kékeré tó o rọ ẹ̀wà gbígbẹ sí, gbé e lé etí ọkọ̀, gbé lẹ́ńsì lé e. Má lo fíláàṣì, má sì gbé drone dání rárá, ẹyẹ tó bá ń rí nǹkan tó ń fò lókè orí ẹ̀, àṣá ló máa kà á sí. Awò awọ̀nàjíjìn, mú 8x42, èyí tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́jọ, èyí tó jẹ́ 10 máa ń gbọ̀n jù lórí omi. Kó o sì ní àpò tí omi ò lè wọ̀ fún gbogbo ẹ̀. Tó o bá sun yàrá tó ní AC, jẹ́ kí kámẹ́rà wà nínú àpò títí á fi gba ooru ìta díẹ̀díẹ̀ kó o tó ṣí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èéfín omi á bo ojú lẹ́ńsì lákòókò tó o fẹ́ lò ó gan-an.

Mo ní láti sọ ti ìtẹ́ fún ẹ, o ò bi mí, àmọ́ ẹnì kan lè fi lọ̀ ẹ́ níbẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá ní òun mọ ibi tí ìtẹ́ wà, òun lè gbé ẹ débẹ̀ fún owó díẹ̀ sí i, sọ fún un pé rárá. Shoebill máa ń yé ẹyin bíi méjì, àmọ́ ọmọ kan ṣoṣo ló sábà máa ń là á já. Ìta gbangba ni ìtẹ́ ẹ̀ máa ń wà, lórí koríko tó léfòó, oòrùn ń pa á, débi pé òbí ẹ̀ gan-an ló máa ń fi àgógó bu omi wá dà sórí ẹyin àti ọmọ kí ara wọn lè tutù. Tí ìwọ bá wà nítòsí tí òbí ò lè padà wá, oòrùn yẹn ò ní dúró dè é. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn kan wà tó ń jí ọmọ ẹyẹ yìí kó tà fún àwọn tó ń sin ẹranko, ìyẹn ló fà á tó fi jẹ́ pé ní Bangweulu wọ́n ń gba àwọn ará abúlé síṣẹ́ láti máa ṣọ́ ìtẹ́ títí ọmọ á fi fò. Gbogbo shoebill tó kù láyé, wọ́n fojú bù ú sí bíi 5,000 sí 8,000 péré. Nítorí náà kó o tó gbé fọ́tò ẹ síta, yọ GPS, ìyẹn àmì ibi tó o ti yà á, kúrò nínú ẹ̀, sọ pé Uganda lo ti yà á, ó tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń jí ẹyẹ náà ń lo íntánẹ́ẹ̀tì bíi tiwa.

O bi mí lẹ́yìn ìyẹn pé ẹyẹ wo ló kù tó o lè máa múra sílẹ̀ fún. Tó bá jẹ́ pé àwọn tó ṣọ̀wọ́n tó sì ṣeé rí láì yọ wọ́n lẹ́nu lò ń wá, màá ní kó o gbé ojú lé black-faced spoonbill. Ní nǹkan bí ọdún 1989 wọn ò tó 300 mọ́ lágbàáyé, ní 2022 wọ́n kà wọ́n, wọ́n lé ní 6,000, torí pé àwọn èèyàn dáàbò bo ibi tí wọ́n ti ń lo ìgbà òtútù, ní Tainan ní Taiwan àti ní Mai Po ní Hong Kong. Ní Mai Po, ilé kéékèèké tí wọ́n fi pákó kàn wà lórí ẹrẹ̀ etí òkun, inú ẹ̀ lo máa jókòó sí, àmọ́ wàá ti gba ìwé àṣẹ ṣáájú. Ohun tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni omi òkun: tó bá fà, ẹyẹ á jìnnà réré lórí ẹrẹ̀, tó bá ń kún, òun ló máa tì wọ́n wá bá ẹ. Wo àkókò tí omi máa kún, kó o ti jókòó bíi wákàtí méjì ṣáájú, má sì ṣe jáde títí omi á fi bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Whooping crane náà wà ní Aransas ní Texas láàárín November sí March, wọ́n máa ń wò ó láti inú ọkọ̀, òun náà ti kù bíi mọ́kànlélógún péré nínú igbó rí ní 1941.

Àmọ́ níbi tí àwọn ẹyẹ etí òkun bá ti ń sinmi, jìnnà sí wọn ju bó o ṣe máa jìnnà sí shoebill lọ. Ní 2022 ọ̀dọ́ godwit kan tí wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ fò láti Alaska dé Tasmania, kìlómítà 13,560, ọjọ́ 11, kò bà lẹ́ẹ̀kan. Ẹyẹ tó bá fẹ́ ṣe irú ìrìnàjò yẹn tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀, ọ̀rá ara ẹ̀ ló fi ń wà láàyè, gbogbo ìgbà tẹ́nì kan bá mú kó fò lórí lásán, ọ̀rá yẹn náà ló ń jó. Slender-billed curlew, ẹyẹ etí omi míì, ìgbà ìkẹyìn tó dájú pé èèyàn rí i ni 1995, ní Merja Zerga ní Morocco, wọ́n sì ti kéde ẹ̀ ní 2025 pé ó ti tán láyé. Ọdẹ pípa àti bí wọ́n ṣe gbẹ àwọn àbàtà ẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n gbà pé ó fà á. Mi ò lè ronú kan ìyẹn kí inú mi má bàjẹ́, ẹyẹ tí àwọn ẹgbẹ́ mi kan ṣì bá láyé.

Ká padà sórí tìẹ. Owó lẹ́ńsì yẹn, pín in: ọjọ́ mẹ́rin lórí omi, gáìdì kan náà fún àwọn ọjọ́ Mabamba kó lè mọ ohun tó o fẹ́, owó ọ̀yàyà tó ṣe gúnmọ́, àti bátìrì kan àti mẹ́mọ́rì káàdì kan sí i. Tó bá ṣẹ́ kù, tó o sì ń fẹ́ lẹ́ńsì tó gùn fún àwọn ẹyẹ kéékèèké tó máa wà níbẹ̀, yá a fún ọ̀sẹ̀ kan, má rà á. Kó tó di ọjọ́ yẹn, wá omi èyíkéyìí tí lékeléke tàbí ẹyẹ apẹja míì ti ń ṣọ́ ẹja, jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú 300 ẹ, kó o máa wo orí àti ọrùn ẹ̀, kó o sì gbìyànjú láti tẹ bọ́tìnnì kí àgógó tó kan omi. Tó o bá ti ń rí i mú lọ́pọ̀ ìgbà, o ti lè lọ. Tó o bá dé, fi àwọn tí ẹja ti bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu náà ránṣẹ́ sí mi, mo fẹ́ràn láti rí wọn.